Mo fi sìgá sílẹ̀, mo wá ń sanra: kí ni nikotíìnì ń bá ọpọlọ ṣe?

Ṣọlá_Aránṣọ (Ìbàdàn)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Kíkà ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í dá sí i, àmọ́ eléyìí ti sú mi. Láti ààwẹ̀ Ramadan tó kọjá ni mi ò ti fọwọ́ kan sìgá mọ́. Alhamdulillah. Ikọ́ òwúrọ̀ ti lọ, ìyàwó mi náà ti ń gbà kí n jókòó ti òun. Àmọ́ ara mi ń pọ̀ sí i ṣáá. Gbogbo ṣòkòtò tí mo rán fún ara mi lọ́dún tó kọjá ni mo ti tú ẹ̀gbẹ́ wọn, tí mo fi aṣọ kún un. Àwọn oníbàárà ń kí mi kú oríire, wọ́n ní owó ti wọlé. Owó wo? Oúnjẹ ni. N ó jẹ àmàlà tán láàárọ̀, kó tó di agogo mọ́kànlá, ojú mi á ti máa wá oníbúrẹ́dì kiri. Nǹkan dídùn tí n kì í kà sí tẹ́lẹ̀, pọ́fù-pọ́fù, bisikíìtì, ó ti di ohun tí mò ń kó pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ kí àwọn ọmọṣẹ́ má baà rí i.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lọ aṣọ nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi ló ní, "Èéfín yẹn ló ń bá ẹ jó ọ̀rá ara ẹ tẹ́lẹ̀. Bó o bá fẹ́ rù, fa ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́." Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èṣù ni, àmọ́ mi ò rí èsì fún un. Ṣé òótọ́ ni pé sìgá ń jó ọ̀rá? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ là á yé mi.

Ọmọ_Aláàmàlà

Ọ̀gá, ẹ yọ àmàlà kúrò nínú ẹjọ́ yìí o. Àmàlà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. 😂

Lékè_Físíọ́

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, ẹ kú oríire ná. Fífi sìgá sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ọ̀rẹ́ yín mú apá kan, ó sọ apá kan nù. Èéfín kì í jó ọ̀rá kankan. Nikotíìnì inú tábà ló ń ṣiṣẹ́ náà, inú ọpọlọ ló sì ti ń ṣe é. Téèyàn bá fa sìgá, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ogún lọ tí nikotíìnì fi máa gba ẹ̀dọ̀fóró dé ọpọlọ. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, ibì kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní hypothalamus. Ibẹ̀ ni ọpọlọ ti ń ṣírò oúnjẹ: èló ló wọlé, èló ni ara ti ná, ọ̀rá mélòó ló kù nípamọ́. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Àwọn kan, AgRP, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ké pé "jẹun". Àwọn kejì, POMC, ló ń sọ pé "ó ti tó".

Àwọn POMC yìí ní ibi ìsomọ́ lára, tí kẹ́míkà acetylcholine tí ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe máa ń so mọ́ láti ta wọ́n jí. Nikotíìnì náà lè so mọ́ ibẹ̀, á sì ta wọ́n jí láìsí pé èèyàn jẹun. Lọ́dún 2011, àwọn olùṣèwádìí kan ní Yale, ní Amẹ́ríkà, tí Marina Picciotto jẹ́ aṣáájú wọn, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé Science. Wọ́n fún èkúté ní nikotíìnì. Àwọn èkúté náà ò jẹun tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ọ̀rá ara wọn sì lọ sílẹ̀. Wọ́n tọpa rẹ̀ títí wọ́n fi bá ibi ìsomọ́ kan tí wọ́n ń pè ní α3β4. Nígbà tí wọ́n dín ibi ìsomọ́ yẹn kù nínú hypothalamus àwọn èkúté kan, nikotíìnì ò rí ebi wọn mú mọ́. Àwọn èkúté tí kò ní POMC láti ìbí, nikotíìnì ò dín oúnjẹ wọn kù rárá.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe ibi ìsomọ́ yìí ni sìgá ń gbà di bárakú. Èyí tí bárakú ń gbà jù ni α4β2. Ọ̀nà ebi yàtọ̀, ọ̀nà bárakú yàtọ̀, kẹ́míkà kan ṣoṣo ló ń rin méjèèjì.

Tèmi_Yábàá

Ẹ dúró ná. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé nikotíìnì láìsí èéfín lè mú kéèyàn rù? Nítorí pé ní ọ́fíìsì wa, àwọn ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé vape ni wọ́n ń fa nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun ọ̀sán. Wọ́n ní ó ń pa ebi. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé àpò nikotíìnì funfun kékeré yẹn ló ń há sábẹ́ ètè. Kò sí èéfín, kò sí òórùn, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Kí ló wá burú níbẹ̀? Ẹni tí wọn ò pè ní ọ̀rọ̀bọ̀ láti kékeré ò lè mọ ohun tí ojú wa ń rí, pàápàá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín aṣọ ẹbí.

Baba_Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó. Ohun tí ẹ ń pè ní ìwádìí yìí, àwọn bàbá wa mọ ìdí rẹ̀ díẹ̀. A gbin tábà ní Ìsẹ́yìn níbí. Lóko, bí oòrùn bá kan àtàrí tí oúnjẹ ò tíì ti ilé dé, àwọn àgbà á fi ìkòkò tábà sẹ́nu, ẹlòmíràn á bu aáṣáà, iṣẹ́ á sì máa lọ. Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n pé ebi ń pa wọ́n bí.

Èmi fúnra mi ò mu ún, síbẹ̀ ó mú mi. Tí a bá ń já ewé tábà lówùúrọ̀ tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, oje rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ dúdú bí ọ̀dà, ọṣẹ ò ní tètè ká a. Kó tó di ọ̀sán, òòyì á ti máa kọ́ wa, a ó máa bì, orí á máa fọ́ wa. Bí wọ́n bá gbé ọkà wá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, a ò ní lè wò ó lójú. Àwa ọmọdé ló máa ń ṣe jù. Àwọn àgbà tó ti ń mu ún tẹ́lẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n lára.

Lékè_Físíọ́

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Àwọn dókítà mọ àìsàn yẹn. Ìrì ló ń fa nikotíìnì jáde lára ewé, tó sì ń gba awọ ọwọ́ yín wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ara àwọn àgbà tó ń mu tábà ti mọ́ ọn lára, ìdí nìyẹn tí kì í fi tètè mú wọn.

Àǹtí Tèmi, mò ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n parí ti ẹ̀gbọ́n. Ebi nìkan kọ́ ni nikotíìnì ń bá jà, ó tún ń mú kí ara máa ná agbára ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 1986, ní Lausanne, ní Switzerland, wọ́n mú àwọn amusìgá mẹ́jọ sínú yàrá tí wọ́n fi ń wọn agbára tí ara ń ná. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lo ọjọ́ kan níbẹ̀ tó ń mu sìgá 24, ó tún lo ọjọ́ mìíràn tí kò mu ẹyọ kan. Lọ́jọ́ sìgá, agbára tí ara wọn ná fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọjọ́ kejì lọ, bíi 200 kalori. Ẹ rò ó wò: odidi páálí kan àti ẹyọ mẹ́rin, fún ohun tí ègé búrẹ́dì méjì sí mẹ́ta máa dá padà.

Lọ́dún 2012, ikọ̀ Miguel López ní Yunifásítì Santiago de Compostela, ní Spéènì, fi eku ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú hypothalamus, AMPK, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ̀ bí agbára bá ń tán nínú ara. Nikotíìnì ń pa á lẹ́nu mọ́. Bó bá ti dákẹ́, ọpọlọ á gbà pé nǹkan ṣẹ́kù nílé, á wá ránṣẹ́ sí ọ̀rá aláwọ̀ ilẹ̀ pé kó máa jó. Ọ̀rá funfun ló ń kó nǹkan pamọ́. Aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń jó o kí ara lè móoru. Ibí yìí ni ọ̀rẹ́ yín ti fẹ́ẹ́ jàre.

Ọmọ_Aláàmàlà

Èkúté, eku, eku, èkúté. Lékè, ṣé inú ihò ni ẹ̀gbọ́n Ṣọlá ń gbé ni? Ohun tó ṣe eku, ṣé dandan ni kó ṣe èèyàn?

Lékè_Físíọ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àwọn mẹ́jọ ti Lausanne, èèyàn ni wọ́n. Àti pé ọ̀rọ̀ "ó ti tó" tí POMC ń sọ, ibì kan ló ń lọ, orí ibi ìsomọ́ kan tí wọ́n ń pè ní MC4R. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn èèyàn kan wà tí MC4R tiwọn ti bàjẹ́ láti inú oyún. Ebi kì í yé pa wọ́n, wọ́n á sì sanra gan-an láti kékeré. Nítorí náà, okùn tí nikotíìnì ń fà nínú èkúté, àwa náà ní in, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe lára wa. Bí ó ṣe ń fà á tó nínú èèyàn ni ọ̀rọ̀ kù sí, torí a ò lè la orí ẹ̀gbọ́n Ṣọlá wò.

Ṣọlá_Aránṣọ

Ẹ má là á o, mo ṣì ń fi ran aṣọ.

Nọ́ọ̀sì_Adùn (Ìlọrin)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná. Tèmi, àbúrò mi, jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí ní kílíníìkì àtọ̀gbẹ. Ọkùnrin á wọlé, apá tín-ín-rín, ẹsẹ̀ tín-ín-rín, ọrùn rẹ̀ ò kún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Tó bá jókòó, ikùn á yọ síwájú. Á ní, "Nọ́ọ̀sì, èmi ò sanra, báwo ni ṣúgà ṣe kàn mí?" Bí mo bá bi í nípa sìgá, á wo ilẹ̀.

Kílò tó dínkù lórí ìwọ̀n kò sọ ibi tí ọ̀rá wà. Bí ẹ bá mú èèyàn méjì tí kílò wọn dọ́gba, tí ọ̀kan ń mu sìgá tí èkejì ò mu, ẹni tó ń mu ún ló sábà máa ń ní ọ̀rá inú ikùn jù, ọ̀rá tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká. Ọ̀rá yẹn ló burú. Lórí rẹ̀ náà, nikotíìnì ń mú kí ara ṣe etí ikún sí insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ìròyìn tí ọ̀gá àgbà àwọn dókítà ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2014 sọ pé ewu àtọ̀gbẹ lára amusìgá fi ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí kò mu ún lọ. Ẹni tó rù sí ẹsẹ̀ tó sanra sí ẹ̀dọ̀, kí ló jẹ ní èrè?

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, téèpù wà lọ́rùn yín, ẹ lò ó. Ẹ mí síta, kí ẹ fi yí ikùn po láàárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí. Ẹ má fà á le, ẹ má sì fa ikùn wọlé. Fún ọkùnrin nílẹ̀ wa, sẹ̀ǹtímítà 94 ni ààlà tí a ń lò, ìyẹn ínṣì 37. Fún obìnrin, 80, ìyẹn ínṣì 31 àbọ̀.

Ṣọlá_Aránṣọ

Ínṣì 38. Gbogbo ọmọ aráyé ni mo ti wọn ìbàdí wọn tán, n kò wọn tèmi bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ń mu sìgá ńkọ́? Ṣòkòtò àtijọ́ sọ pé 36 ni. Ó sún mọ́ ààlà nígbà yẹn náà, èmi tí wọ́n ń pè ní "ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́".

Lékè_Físíọ́

Mo fẹ́ fi ohun kan ti ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn, torí ọpọlọ náà ló tún wà nídìí rẹ̀. Lọ́dún 2019, ikọ̀ Paul Kenny ní Mount Sinai, ní New York, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé Nature. Ibì kan wà nínú ọpọlọ, habenula, tó máa ń kìlọ̀ fún ẹranko pé nikotíìnì ti ń pọ̀ jù. Wọ́n rí i nínú eku pé ibẹ̀ yẹn ní okùn tó lọ títí dé pancreas, ibi tí ara ti ń ṣe insulin. Nikotíìnì ń gba orí okùn yẹn gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹ ò rí i pé kẹ́míkà yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó fẹ́ rù: ó ń sé oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú ṣúgà sílé láti ẹ̀yìnkùlé.

Àǹtí Tèmi, èyí kan vape, ó kan àpò abẹ́ ètè. Bí kò tilẹ̀ sí èéfín, nikotíìnì náà ni.

Adé_Peckham

Ẹ n lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. London ni mo wà, mo ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Ṣingọ́ọ̀mù oníkotíìnì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà ní 2 mg àti 4 mg. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń jẹ ẹ́, ara mi dúró bó ṣe wà, mo tilẹ̀ ń fọ́nnu. Nígbà tí mo wá ń dín in kù ni kílò dé. Mo bi obìnrin tó ń bójú tó wa ní ibùdó ìfisìgásílẹ̀, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ṣingọ́ọ̀mù ń dá ọjọ́ sanra dúró ni, kì í fagi lé e.

Tèmi, ohun tí mo fẹ́ kó o gbọ́ nìyẹn. Ọjọ́ tó o bá gbé vape sílẹ̀, ebi tó o ti sún síwájú á wá gba gbèsè ẹ̀. Bó ò bá sì gbé e sílẹ̀, o ti di oníbàárà wọn títí ayé, owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ìyá_Ìbejì_Tíṣà

Adé sọ̀rọ̀ owó, ó kàn mí lára. Èmi tí mo ti ìdí ìtàn kíkọ́ni fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé àwọn tó ń ta sìgá mọ èyí kí Yale tó mọ̀ ọ́n. Láàárín ọdún 1928 sí 1929, American Tobacco Company ń polówó Lucky Strike fún àwọn obìnrin Amẹ́ríkà pé dípò kí wọ́n na ọwọ́ sí nǹkan dídùn, kí wọ́n na ọwọ́ sí sìgá. Àwọn oníṣúìtì bínú débi pé wọ́n pariwo síta. Lọ́dún 1968, ilé iṣẹ́ mìíràn gbé Virginia Slims jáde, sìgá pẹ́lẹ́ńgẹ́ fún obìnrin, orúkọ rẹ̀ pàápàá ń ṣèlérí. Àwọn ọmọbìnrin ọ́fíìsì Tèmi rò pé àwọn ló dá ọgbọ́n náà. Àwọn ìyá ìyá àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ fi tàn.

Ṣọlá_Aránṣọ

Mo ti gbọ́, n kò ní padà sídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa pẹ́ tó? Ṣé bí mo ṣe máa wú lọ títí rèé?

Nọ́ọ̀sì_Adùn (Ìlọrin)

Rárá o. Lọ́dún 2012, ìwé ìṣègùn BMJ gbé àpapọ̀ ìwádìí 62 jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Àwọn tó fi sìgá sílẹ̀ láìlo oògùn fi kílò 4 sí 5 kún ara wọn kí ọdún kan tó pé, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ara ò sì rí bákan náà: nínú ọgọ́rùn-ún, bí 16 ló tún fọn sí i, bí 13 fi ju kílò 10 lọ kún un. Lẹ́yìn náà, ó máa ń rọlẹ̀. Ibi tí ara yín ì bá wà ká ní ẹ ò mu sìgá rí ló ń padà sí.

N kò ní purọ́ fún yín pé sísanra yẹn ò ní ohunkóhun ṣe. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2018 nínú New England Journal of Medicine tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó sanra lẹ́yìn tí wọ́n fi sìgá sílẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ wọn gòkè, ó dé téńté láàárín ọdún 5 sí 7, kó tó máa sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ikú mú wọn dínkù sí ti àwọn tó ṣì ń mu ún, bó ti wù kí wọ́n sanra tó. Ẹ lọ yẹ ṣúgà yín wò lọ́dọọdún, kẹ́ ẹ sì fọkàn balẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má febi pa ara yín nísinsìnyí. Ẹni tó bá ń bá sìgá jà tó tún ń bá ebi jà, ọ̀kan ló máa ń ṣubú sí. Ẹ fi ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín sí ti àárọ̀, ó ń pẹ́ nínú ju búrẹ́dì lọ. Ẹ kó bisikíìtì kúrò nínú dúrọ́ọ̀. Ẹnu ló fẹ́ nǹkan ṣe: ẹ há orín sẹ́nu, ẹ jẹ orógbó. Kẹ́ ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Baba_Ìsẹ́yìn

Orógbó! Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì òde òní náà mọ̀ ọ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Tèmi_Yábàá

Ẹ ti bá mi wí tó. Ìbéèrè kan ló kù, Lékè ni mo fẹ́ kó dáhùn. O ní ọ̀nà ebi yàtọ̀ sí ọ̀nà bárakú. Ṣebí wọ́n lè ṣe oògùn tó máa kan ti ebi nìkan, kí bárakú má sí níbẹ̀?

Lékè_Físíọ́

Àwọn tó ṣe ìwádìí 2011 náà ro bẹ́ẹ̀. Cytisine, kẹ́míkà inú igi kan tí wọ́n ti ń fi gba àwọn amusìgá sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́ ní ìlà-oòrùn Yúróòpù, wà lára ohun tí wọ́n lò fún àwọn èkúté náà, ó sì dín oúnjẹ wọn kù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé α3β4 kan náà ló kún inú àwọn iṣan tó ń darí ìlù ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìfun. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kí ebi lè lọ, ó ti tẹ ti ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn.

Ọ̀nà kan tí àwọn mìíràn gbà ni pé wọ́n fo nikotíìnì dá, wọ́n lọ sí òpin okùn náà, MC4R. Oògùn kan ti jáde, setmelanotide. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2020 fún àwọn mélòó kan tí àbùkù àbínibí ba POMC wọn tàbí ohun tó jọ ọ́ jẹ́, kì í ṣe fún gbogbo ayé. Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ni. Ó sì ní ohun kan tó máa ń ṣe: ó ń mú kí awọ dúdú sí i, torí ó jọ kẹ́míkà tí POMC ń tú jáde, kẹ́míkà yẹn sì wà lára àwọn tó ń pa awọ láró.

Tèmi_Yábàá

Kéèyàn dúdú sí i kéèyàn sì rù? Ní Èkó tí gbogbo èèyàn ń bóra yìí? Mo gbà á. Èló ni?

Ọmọ_Aláàmàlà

Owó ilé kan ní Lẹ́kí ni, àbúrò. Wá jẹ àmàlà.

Tèmi_Yábàá

Ẹ bù ú wá. Ẹ má fi ẹran púpọ̀ sí i.